Ta Ni Olóríire? Ìwé John Berger lórí Dókítà Ìgbèríko

Ìwé kan wà tí a fẹ́ kí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ wa tó ń kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn kà kí wọ́n tó gba ìwé ẹ̀rí. A fẹ́ kí àwọn tí kì í ṣe oníṣègùn náà kà á, nítorí pé kò sí ẹni tí àìsàn kì í ṣe. A Fortunate Man ni wọ́n ń pè é ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ọdún 1967 ni ó sì kọ́kọ́ jáde. John Berger ni ó kọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Jean Mohr, ọmọ ìlú Geneva, ni ó ya àwọn fọ́tò inú rẹ̀. Ní ọdún 2009, ilé ìtẹ̀wé Éditions de l'Olivier gbé e jáde ní èdè Faransé, wọ́n sì pè é ní Un métier idéal. Ìtàn dókítà kan ni, ẹni tí òǹkọ̀wé fún ní orúkọ John Sassall, tó ń tọ́jú àwọn ará abúlé ní agbègbè onígbó kan tí wọ́n ń pè ní Forest of Dean, ní ìwọ̀ oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nítòsí ààlà Wales.

Àkọlé ni a ó ti bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ẹni tó ka ìwé yìí ní èdè Faransé àti ẹni tó kà á ní èdè Gẹ̀ẹ́sì kò gba ẹnu ọ̀nà kan náà wọlé. Àkọlé Gẹ̀ẹ́sì ń sọ̀rọ̀ nípa ènìyàn: ó ní olóríire ni ọkùnrin yìí. Àkọlé Faransé ń sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́: ó ní iṣẹ́ náà pé, kò ní àbùkù. Lójú Yorùbá, ọ̀tọ̀ ni èkínní, ọ̀tọ̀ ni èkejì. Iṣẹ́ lè dára kí ó má gbe ẹni tó ń ṣe é. Orí sì lè gbe ènìyàn nídìí iṣẹ́ tí ayé kò kà sí. Nítorí náà, ìbéèrè kan ni a gbé lọ́wọ́ wọ inú ìwé náà: ta ni olóríire níbẹ̀? Ṣé dókítà ni, àbí àwọn tí ó ń tọ́jú?

Ìwé náà kò bẹ̀rẹ̀ bí ìtàn ìgbésí ayé. Àwòrán ilẹ̀ ni ó kọ́kọ́ ṣí sílẹ̀ níwájú wa, òǹkọ̀wé sì kìlọ̀ pé ilẹ̀ tó lẹ́wà lójú àlejò lè jẹ́ aṣọ ìkélé tó bo ìjàkadì àwọn tó ń gbé lẹ́yìn rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni ìtàn kéékèèké tẹ̀ léra, aláìsàn kan lẹ́yìn òmíràn. Ti àkọ́kọ́ ni ti agégi kan tí igi wó lù nínú igbó. Wọ́n ránṣẹ́ pe dókítà. Kùrukùru bo ojú ọ̀nà. Bí dókítà ti ń sáré bọ̀ nínú ọkọ̀ rẹ̀, ó tẹ fèrè ọkọ̀ náà mọ́lẹ̀, kò gbé ọwọ́ kúrò lórí rẹ̀. Ìdí kan ni pé kí ẹni tó ń wa ọkọ̀ bọ̀ níwájú lè gbọ́. Ìdí kejì ni pé bóyá ọkùnrin tó wà lábẹ́ igi yóò gbọ́, yóò sì mọ̀ pé dókítà ti ń bọ̀.

Ó pẹ́ kí a tó lè kúrò lórí ojú ewé yẹn. Kí abẹ́rẹ́ tó kan ara, kí ọwọ́ tó kan eegun, ìtọ́jú ti bẹ̀rẹ̀: ìró kan ti lọ bá ẹni tó ń jẹ̀rora, ó ti sọ fún un pé kò dá wà. Berger kò tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀. Ó sọ ohun tí dókítà ṣe, ó sì kọjá lọ. Ìgbà tí ó bá ń kọ̀wé báyìí ni ìwé rẹ̀ dára jù lọ. Ní ìdajì kejì, ó fi ìtàn sílẹ̀, ó bọ́ sínú àròjinlẹ̀ gígùn, àwọn ojú ewé kan sì wà níbẹ̀ tó ń fẹ́ sùúrù. Kí akẹ́kọ̀ọ́ tó bá kọsẹ̀ níbẹ̀ má ṣe pa ìwé dé; kí ó padà lọ wo àwọn fọ́tò Mohr, kí ó tó tẹ̀ síwájú.

Sassall ti ṣe dókítà nínú ọmọ ogun ojú omi nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ní àwọn erékùṣù Dodecanese. Láti kékeré ni ó ti fẹ́ràn àwọn ọ̀gákọ̀ inú ìwé Joseph Conrad, àwọn ọkùnrin tí ìjì kì í bà lẹ́rù. Nígbà tí ó kọ́kọ́ dé ìgbèríko, irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni ó fẹ́ jẹ́. Pàjáwìrì nìkan ni ó ń dùn mọ́ ọn: ọgbẹ́ tó ń ṣẹ̀jẹ̀, eegun tó kán. Ẹni tó bá gbé àárẹ̀ tí kò lórúkọ wá bá a ń sú u. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìwé Freud, ó sì yẹ ara rẹ̀ wò títí tí àyẹ̀wò náà fi fẹ́rẹ̀ẹ́ wó o lulẹ̀. Ìgbà tí ó jáde kúrò níbẹ̀, ojú tí ó fi ń wo aláìsàn ti yí padà. Tẹ́lẹ̀, ẹsẹ̀ tó kán ni ó ń rí. Nísinsìnyí, ó ń rí ẹni tó ni ẹsẹ̀.

Kókó tí Berger gùn lé ni pé aláìsàn ń fẹ́ kí a dá òun mọ̀. Àìsàn a máa yọ ènìyàn kúrò láàárín ẹgbẹ́. A máa mú un rò pé irú èyí kò ṣe ẹnikẹ́ni rí. Bí dókítà bá pe àìsàn náà lórúkọ, ó ti yà á sọ́tọ̀ kúrò lára aláìsàn, ó ti sọ ọ́ di ohun tí a lè bá jà. Bí ó bá sì fara balẹ̀ gbọ́ ìtàn ẹni náà bí ẹni ń gbọ́ ìtàn ọmọ ìyá rẹ̀, ó ti mú un padà sáàárín ènìyàn. Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí wa. Ní Kétu, ní Ṣábẹ̀, ní Àjàṣẹ́, a kì í bi àlejò ní ohun tó gbé e wá kí a tó kí i, kí a tó béèrè àwọn ará ilé rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó mọ oríkì ẹni kì í wo ẹni bí ẹni ń wo ẹrù.

Berger tún sọ pé dókítà tó bá pẹ́ ní ìlú kékeré a máa di ẹni tí ìrántí ìlú wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wà níbẹ̀ nígbà ìbí, ó wà níbẹ̀ nígbà ikú. Ó mọ àìsàn tó pa bàbá kí ọmọ tó gbọ́n. Kétu mọ irú ipò yìí: Bàbá Ẹlẹ́gùn ni ó ń pa ìtàn ìlú mọ́ níbẹ̀. Ìyàtọ̀ kan wà tí Berger kò lè mọ̀. Bàbá Ẹlẹ́gùn ń sọ ìtàn tí ó pa mọ́ fún ìlú, etí gbogbo ènìyàn sì ń gbọ́ ọ. Ìtàn tó wà lọ́wọ́ dókítà, àṣírí ni. Òun nìkan ni ó mọ̀ ọ́n, òun nìkan ni ó sì ń rù ú. A ó padà sórí ẹrù yìí láìpẹ́.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa mọ dókítà ìlú kékeré mìíràn, nítorí pé ọ̀pọ̀ wọn ti ka Knock, eré oníṣe tí Jules Romains kọ, tí Louis Jouvet gbé sórí ìtàgé ní Paris ní ọdún 1923. Knock dé Saint-Maurice, ó bá àwọn ènìyàn tí ara wọn le, ó sì rí i pé kò sí èrè nínú ara líle wọn. Ó rán onílù ìlú kí ó kéde pé òun yóò máa wo ènìyàn lọ́fẹ̀ẹ́ ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé. Ó fa olùkọ́ àti olóògùn ìlú mọ́ra. Kò pẹ́ tí ìlú fi dùbúlẹ̀, tí ilé àlejò di ilé ìwòsàn, tí dókítà àgbà tó ta ipò rẹ̀ fún un pàápàá bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù ara tirẹ̀.

A máa ń rẹ́rìn-ín bí a bá ń ka Knock, ṣùgbọ́n ohun èlò tí Knock lò náà ni Sassall lò: ọ̀rọ̀ ẹnu. Ọ̀kan fi í mú ẹni tó dúró ṣinṣin dùbúlẹ̀. Èkejì fi í gbé ẹni tó dùbúlẹ̀ dìde. Bí a bá ka ìwé méjèèjì pọ̀, ó hàn pé agbára dókítà ní ìlú kékeré kò sí nínú àpò oògùn rẹ̀ nìkan. Níbi tí kò ti sí dókítà mìíràn tí a lè lọ bá, ohun tí ó bá sọ ni abẹ́ gé. Ìdí nìyí tí a kò fi lè fojú kéré ọ̀rọ̀ ẹnu, ẹni tó ń sọ ọ́, àti èdè tí ó fi ń sọ ọ́.

Ibẹ̀ gan-an ni àwa àti Berger ti yapa. Ó sọ pé àwọn ará igbó náà kò ní ọ̀rọ̀ tó tí wọ́n lè fi sọ ohun tí ojú wọn ń rí. Ẹ̀kọ́ tó yẹ kí wọ́n rí gbà kò tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́, nítorí náà dókítà ni ó ń bá wọn sọ ọ́. A mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀gàn ni ó mú un sọ bẹ́ẹ̀. Inú ń bí i sí àwùjọ tó fi àwọn ènìyàn yìí sẹ́yìn. Síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí a wo bí ìwé náà ti wáyé. Berger ti gbé ní agbègbè náà rí, Sassall sì jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ó fẹ́ kọ ìwé, òun àti Mohr fi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbé nílé dókítà náà. Ohùn ta ni yóò pọ̀ jù létí ẹni tó gbé ilé dókítà? Ọ̀rọ̀ àwọn aláìsàn kúrú nínú ìwé náà. Ti dókítà gùn, ti òǹkọ̀wé gùn jù ú lọ. Àwọn fọ́tò Mohr pàápàá ń jiyàn pẹ̀lú Berger níbí. Ẹ wo ojú àwọn tó jókòó níwájú dókítà, ẹ wo ọwọ́ wọn. A kò rí ẹnì kan níbẹ̀ tó dà bí ẹni tí kò ní ohun tí yóò sọ.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá gbọ̀ngbọ̀n, a ó sì sọ ìdí rẹ̀. Ó ṣojú ọ̀kan lára wa ní ilé ìtọ́jú kan ní ìgbèríko. Ìyá àgbàlagbà kan jókòó níwájú dókítà ọ̀dọ́ tí kò gbọ́ Yorùbá. Ọmọkùnrin kan ń ṣe ògbufọ̀. Ìyá ní, "Inú mi kò dùn, ọmọ mi. Láti ọjọ́ yẹn ni inú mi kò ti dùn mọ́." Ògbufọ̀ ní, "Elle dit que son ventre ne va pas." Dókítà kọ oògùn inú rírun fún un. Ìyá dúpẹ́, ó so oògùn mọ́ ìdí aṣọ, ó lọ. Kò sí ẹni tó béèrè ọjọ́ tí "ọjọ́ yẹn" jẹ́. Ọjọ́ tí wọ́n gbé òkú ọmọ rẹ̀ dé láti ojú títì ni.

Ta ni kò ní ọ̀rọ̀ nínú àwọn mẹ́ta yìí? Dókítà náà kò ṣe ìkà. Ó gba ohun tí ògbufọ̀ gbé fún un. Ògbufọ̀ náà kò purọ́. Ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ni ó tú láìtú ìtumọ̀. Èdè ìyá náà pé. Ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá mọ̀ pé "inú ń run mí" yàtọ̀ sí "inú mi bàjẹ́", pé "àyà ń dùn mí" yàtọ̀ sí "àyà mi ń já", pé "ó rẹ̀ mí" yàtọ̀ sí "ó sú mi". Ẹni tó ní "ara mi kò yá" ń sọ̀rọ̀ àìsàn. Ẹni tó ní "ara mi kò balẹ̀" lè máa sọ̀rọ̀ ìfòyà, gbèsè, tàbí ọmọ tó lọ tí kò kọ̀wé. Àwọn àgbà wa kò nílò ẹni tí yóò bá wọn sọ̀rọ̀. Ẹni tí yóò gbọ́ wọn ni wọ́n ń wá. Bí Berger bá ti jókòó sílé agégi fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, bóyá ohun tí ì bá kọ nìyí.

Àríwísí wa kejì wúwo jù ú lọ. Berger kò fi pa mọ́ pé ìbànújẹ́ ńlá a máa dé bá Sassall, tí ó lè gba oṣù kan, oṣù méjì, àní oṣù mẹ́ta. Ó ṣàlàyé ìdí rẹ̀: ìyà tí dókítà ń rí pọ̀, ohun tí ó lè ṣe sí i kéré, àlàfo tó wà láàárín méjèèjì ni ó ń tẹ̀ ẹ́ lọ́rùn mọ́lẹ̀. Àlàyé náà jinlẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tí ìyá wa kan ì bá kọ́kọ́ béèrè kò rí àyè nínú rẹ̀: ta ni ń tọ́jú ẹni tó ń tọ́jú gbogbo ènìyàn? Ìdílé dókítà náà fẹ́rẹ̀ẹ́ má fara hàn nínú ọ̀rọ̀ ìwé náà. Ẹni tó bá kà á lè rò pé ọkùnrin náà dá nìkan gbé ayé, bí ọ̀gákọ̀ tó dúró lórí ọkọ̀ rẹ̀ nínú ìjì. A rò pé àwòrán ọ̀gákọ̀ yẹn dùn mọ́ Berger jù. Ó fi í yin ọ̀rẹ́ rẹ̀ níbi tí ì bá ti fi í bẹ̀rù fún un.

Ní ọdún 1982, Sassall fi ọwọ́ ara rẹ̀ gba ẹ̀mí ara rẹ̀. Nígbà tí wọ́n tún ìwé náà tẹ̀ ní ọdún 1999, Berger fi ọ̀rọ̀ kúkúrú kan kún un lẹ́yìn. Ó gbà pé ikú náà ti yí ìtàn ayé ọ̀rẹ́ òun padà, ṣùgbọ́n ó kọ̀ láti jẹ́ kí ikú náà di ìdájọ́ lórí ayé náà. A bọ̀wọ̀ fún un lórí èyí. A tún bọ̀wọ̀ fún bí ó ti parí ìwé náà ní ọdún 1967: kò fẹ́ ka iye tí iṣẹ́ dókítà náà tó, ó ní ẹni tó ṣì wà láàyè kò ṣeé parí ọ̀rọ̀ lé lórí. Òǹkọ̀wé mìíràn ì bá fi ìyìn ńlá dì í. Ikú 1982 ti fi hàn pé ọgbọ́n ni ìkóra-ẹni-níjàánu náà.

Ṣé ikú yẹn ti wá sọ àkọlé di irọ́? Lójú tiwa, kò sọ ọ́ di irọ́. Ó fi hàn pé àkọlé náà kò tó. Berger pe Sassall ní olóríire nítorí pé ohun tí ọkàn rẹ̀ ń fẹ́ àti iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan. Ìyẹn jẹ́ oríire tòótọ́, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kò sì rí i títí wọ́n fi kú. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà wa ní ènìyàn laṣọ ẹni. Ẹni tí orí fún ní iṣẹ́ rere, tí kò ní ènìyàn tó bo òun náà lára, òtútù yóò mú un, bí ó ti wù kí iṣẹ́ rẹ̀ dára tó.

Ẹni tó bá fẹ́ rí bí nǹkan ti rí níbẹ̀ lónìí lè wá A Fortunate Woman, tí Polly Morland kọ, tó jáde ní ọdún 2022. Ibi tí Morland ti ń palẹ̀ ilé ìyá rẹ̀ mọ́ ni ó ti rí ìwé Berger tó ti já sẹ́yìn àpótí ìwé, ó sì rí i pé àfonífojì tí òun fúnra rẹ̀ ń gbé ni ìwé náà ń sọ. Dókítà tó wà níbẹ̀ lónìí, obìnrin ni. Òun náà ti ka ìwé Berger nígbà tí ó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́. Ìwé Morland kò ní ìjìnlẹ̀ èrò bíi ti Berger, ṣùgbọ́n ó rí ohun tí Berger kò rí: dókítà tó ní ẹlẹgbẹ́ nídìí iṣẹ́, tó ní ilé tí ó ń padà sí, tí àjàkálẹ̀ Covid bá láàárín àwọn tó mọ̀ ọ́n dáadáa.

Kí a tó gbé ìwé Berger wá sílé, ohun kan kù tí a gbọ́dọ̀ sọ. Láti ọdún 1948, àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kì í sanwó lọ́wọ́ dókítà wọn kí ó tó wò wọ́n. Agégi tí igi wó lù kò ní láti ka owó. Berger kò tẹnu mọ́ èyí, nítorí pé ó ti mọ́ àwọn òǹkàwé rẹ̀ lára. Àwa kò lè gbójú fò ó. Ní abúlé wa, ọ̀pọ̀ ilé ni yóò ka ohun tó wà lọ́wọ́ kí wọ́n tó gbé aláìsàn kúrò lórí ẹní. Nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí ni wọ́n sì sábà máa ń ṣe ohun tí Sassall ṣe, nítorí pé dókítà jìnnà. Dókítà tí ìjọba bá rán wá, kò tíì mọ ojú ọ̀nà oko tí wọ́n ó fi gbé e lọ síbòmíràn. Ìmọ̀ tí Berger ń yìn, ìmọ̀ ẹni tó pẹ́ níbì kan, kò lè dàgbà nínú irú ìṣípòpadà bẹ́ẹ̀.

Ẹgbẹ́ wa kò lè yí ètò ìjọba padà lóòjọ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ méjì wà tó tó wa ṣe. Èkínní: bí nọ́ọ̀sì, agbẹ̀bí tàbí dókítà tuntun bá dé ìlú wa, kí a má dúró títí àìsàn yóò fi gbé wa dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Kí a lọ kí i, kí a fi ilé hàn án, kí a kọ́ ọ bí a ti ń kí ara wa, kí a máa béèrè àlàáfíà òun náà lọ́wọ́ rẹ̀. Èkejì: kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn tó wà láàárín wa jókòó ti àwọn àgbà nígbà ìsinmi, kí wọ́n kọ àwọn ọ̀rọ̀ tí a fi ń sọ ìrora àti ìbànújẹ́ sílẹ̀, bí wọ́n ti ń sọ wọ́n ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ àti ní Àjàṣẹ́, pẹ̀lú ìtumọ̀ tó péye ní Faransé. A ó fi àyè sílẹ̀ fún àkọsílẹ̀ náà nínú ìwé ìròyìn yìí.

Ẹ ka Un métier idéal. Ẹ bá a jiyàn bí àwa ti bá a jiyàn. Bí ẹ bá bi wá pé ta ni olóríire inú rẹ̀, a ó ní agégi ni, ẹni tó wà lábẹ́ igi nínú kùrukùru, tó gbọ́ fèrè. Ó dùn wá pé dókítà náà kò rí ẹni tí yóò fun fèrè fún òun.